Ẹ́ńjìnì 504 Bàbá mi kò yí mọ́: ṣé kí n pààrọ̀ rẹ̀ ni?

Ìbéèrè tó wọlé láti Mọ̀pà, ní ilẹ̀ Okun ní Kogi, nìyí, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Olùkọ́ ni mí. Bàbá mi fi Peugeot 504 kan sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń lò ó gbẹ̀yìn, ó máa ń gbóná, èéfín funfun sì máa ń jáde lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n wà á wọlé fúnra wọn lọ́dún 2012, wọ́n pa á sábẹ́ igi máńgòrò, wọn ò sì gbé e jáde mọ́ títí wọ́n fi papòdà. Mo mú mẹkáníìkì wá, ó fi bátìrì tuntun ta á, kò mira rárá. Ó ní ẹ́ńjìnì ti nọ́ọ̀kì, kí n lọ ra tòkunbọ̀. Ẹni tó ń kun ọkọ̀ ní kí n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ kùn ún, kí orí mi lè wú. Ìyàwó mi ní kí n tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ó wù mí kí n fi ọwọ́ ara mi tún un ṣe lẹ́yìnkùlé, díẹ̀díẹ̀, ní Sátidé Sátidé. Ṣé ó ṣeé ṣe, ibo ni kí n sì ti bẹ̀rẹ̀?"

Okun o, àbúrò mi. Kí Ọlọ́run tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Nínú gbogbo ohun tí o kọ, gbólóhùn kan ló mú mi jókòó dáadáa: o ní Bàbá wà á wọlé fúnra wọn. Di gbólóhùn yẹn mú, torí ó lè gba owó ńlá sílẹ̀ fún ọ. Ọ̀rọ̀ méjì ni mẹkáníìkì yẹn pa pọ̀ mọ́ra, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnì tó nọ́ọ̀kì yàtọ̀ sí ẹ́ńjìnì tó há. Kí ẹ́ńjìnì tó lè nọ́ọ̀kì, àfi kó máa ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ọ́ìlì á ti tán nínú rẹ̀, tàbí kí ọ́ìlì má gòkè mọ́, bẹ́àrìn tó wà láàárín apá písítìn (irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnì) àti kíráńkì (ọ̀pá tó ń yí nísàlẹ̀) á jẹ tán, irin á wá máa lu irin. O máa gbọ́ ọ, kò-kò-kò, bí ẹni ń fi òòlù kanlẹ̀kùn, ará ilé kejì pàápàá máa gbọ́ ọ. Ọkọ̀ tó bá nọ́ọ̀kì débi tí kò yí mọ́, ojú ọ̀nà ló ti máa ń dáni dúró. Okùn ni wọ́n fi máa ń wọ́ ọ wálé. Ọkọ̀ tí a wà wọlé, tí a fi ọwọ́ ara wa pa, tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀, kò lè nọ́ọ̀kì lórí ìdúró. Ohun tó lè ṣe é lórí ìdúró ni kó há, ìyẹn ni pé kí ìpẹtà lẹ irin mọ́ irin. Ẹ́ńjìnì tó nọ́ọ̀kì ń béèrè owó. Èyí tó há, ọ́ìlì àti sùúrù ló kọ́kọ́ ń béèrè.

Bí mo ṣe rò pé ọ̀rọ̀ náà rìn nìyí. Irin dúdú tó wúwo ni ara ẹ́ńjìnì 504, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù ni orí rẹ̀, èyí tí àwa mẹkáníìkì ń pè ní tọ́ọ̀pù sílíńdà. Tọ́ọ̀pù-gáàsíkẹ́ẹ̀tì, ohun pẹlẹbẹ tó ń dí ojú ìsopọ̀ wọn, ló wà láàárín méjèèjì. Bí ẹ́ńjìnì bá gbóná kọjá bó ṣe yẹ, alumíníọ̀mù máa ń fẹ̀ ju irin lọ, ó lè tẹ̀, gáàsíkẹ́ẹ̀tì á sì jó níbi tó bá ti ṣófo díẹ̀. Omi á wá máa yọ́ wọ inú sílíńdà, ibi tí iná ti ń jó. Ohun funfun tí ẹ ń rí lẹ́yìn ọkọ̀ nígbà náà kì í ṣe èéfín gidi, omi tó ń hó ni. Lọ́jọ́ tí Bàbá pa á kẹ́yìn, omi tó ti wọ sílíńdà kan tàbí méjì kò rí ọ̀nà jáde. Orí písítìn ló jókòó sí. Irin ni ríìngì písítìn, irin ni sílíìfù, ìyẹn ihò tí písítìn ń rìn nínú rẹ̀, omi sì wà láàárín wọn láti 2012. Kí ni wọn ò ṣe ní lẹ̀ mọ́ra? N kò tíì fojú rí ọkọ̀ náà, nítorí náà mo lè ṣì í, ṣùgbọ́n ìgbóná, èéfín funfun, ìdúró ọlọ́dún gbọọrọ, kí ó wá há: mo ti bá àwọn mẹ́rin yìí pàdé papọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi ní kọ́kọ́ ronú sí ibòmíràn.

Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fi bátìrì ta á. Agbára kíkì-sítátà lè ṣẹ́ ríìngì tí ìpẹtà dì mú, ó sì lè ba sílíìfù jẹ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, èkúté ti lè jẹ ara wáyà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, kí iná sì ṣẹ́ yọ. Tú bátìrì kúrò pátápátá. Lẹ́yìn náà, gbé abọ́ funfun sábẹ́ ẹ́ńjìnì, kí o tú nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń da ọ́ìlì nù, ṣùgbọ́n má tú u tán lẹ́ẹ̀kan náà. Tú u díẹ̀, kí o wò ó. Omi wúwo ju ọ́ìlì lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń wà, nítorí náà bí omi bá wà níbẹ̀, òun ló máa kọ́kọ́ kán sílẹ̀. Bí ọ́ìlì bá jáde ní dúdú láìsí omi, ọkàn rẹ lè balẹ̀ díẹ̀. Bí omi bá ṣáájú, tàbí ọ́ìlì náà rí bí ògì tí wọ́n po mọ́ wàrà, omi ti dé ibi bẹ́àrìn, iṣẹ́ náà á sì pọ̀ sí i.

Plọ́ọ̀gì ló kàn. Plọ́ọ̀gì 504 jìn nínú ihò, sípánà plọ́ọ̀gì gígùn ni wàá wá. Kí o tó tú wọn, fi pọ́ńpù táyà fẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan dáadáa, torí iyanrìn, ewé àti ilé agbọ́n tó wà níbẹ̀ máa já sínú sílíńdà bí o bá kánjú. To mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí pákó bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra wọn. Èyí tí ẹnu rẹ̀ bá pọ́n bí erùpẹ̀ Kàbbà, sílíńdà rẹ̀ ni omi wọ̀. Wá po dísẹ́ẹ̀lì mọ́ ọ́ìlì pupa tí wọ́n ń rọ sí jíà ọ́tò, ìdajì sí ìdajì, kí o da nǹkan bí ìdajì ife tíì sínú ihò kọ̀ọ̀kan, fi àkísà dí ẹnu ihò, kí o sì máa lọ. Padà wá ní Sátidé kejì. Ihò tó bá ti mu tirẹ̀, bù díẹ̀ sí i. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá ti kọjá, fi jíà sí ọ̀fẹ́, wá nọ́ọ̀tì ńlá tó wà ní iwájú kíráńkì, níbi tí bẹ́líìtì fáànù ń gbà, fi sípánà sí i kí o fà á sápá ọ̀tún, kí o dẹwọ́, kí o fà á padà díẹ̀. Má ṣe ki páìpù gígùn bọ ẹ̀yìn sípánà kí agbára rẹ lè pọ̀. Ohun tí a ń wá ni kó mira, kì í ṣe kó yí po. Ọ̀kan tí mo ṣe ní Ìyàrà gbà mí ní ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Lójoojúmọ́ ni mò ń lọ fa sípánà yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò gbọ́. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, ó dún tín-ín-rín, bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ́ ìka ọwọ́, ọwọ́ sípánà sì wálẹ̀ ní ìwọ̀n ìbú ìka kan. Mi ò fà á jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ yẹn. Mo da ọ́ìlì sí i, mo lọ sílé, inú mi dùn débi tí mi ò lè jẹun alẹ́.

Bó bá ti ń yí, má tíì tanná sí i. Orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò, torí gáàsíkẹ́ẹ̀tì tó jó ṣì wà níbẹ̀. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ kà dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì tí kò mọ 504 ti máa ń ba ẹ́ńjìnì jẹ́. Sílíìfù rẹ̀ kò lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnì. Ó kàn jókòó sínú omi ni, ohun tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà ní ìdí rẹ̀ tí kò jẹ́ kí omi dé ọ̀dọ̀ ọ́ìlì, tọ́ọ̀pù sílíńdà ló sì tẹ gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí o bá gbé tọ́ọ̀pù kúrò, tí o wá yí kíráńkì, písítìn lè gbé sílíìfù dìde kúrò ní ìjókòó rẹ̀. Ojú rẹ kò ní rí i, torí ìwọ̀nba bébà ló lè fi dìde. Wàá dì í padà, ọkọ̀ á dún dáadáa, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ọ́ìlì rẹ̀ á di ògì. Mo ṣe é fún oníbàárà kan nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ̀mù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tú ẹ́ńjìnì yẹn, owó ara mi ni mo fi ra gáàsíkẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́ẹ̀kejì, ojú sì tì mí níwájú ọkùnrin náà, torí ó ti gbé ìdílé rẹ̀ rìnrìn àjò kí ó tó mọ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti gbé tọ́ọ̀pù kúrò, mo máa ń wá bóòtù mẹ́rin àti wọ́ṣà fífẹ̀, màá fi tẹ sílíìfù mọ́lẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan kíráńkì. Ṣe bẹ́ẹ̀.

Sílíìfù kan náà tó ń dẹ́rù báni yìí ló jẹ́ kí 504 máa pẹ́ láyé. Ẹ́ńjìnì mìíràn tí sílíńdà rẹ̀ bá ti jẹ, àfi kí wọ́n gbé gbogbo ara rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ ẹ. Ní ti 504, sílíìfù mẹ́rin, písítìn mẹ́rin àti ríìngì wọn ni wọ́n ń tà pọ̀; wàá yọ ti àtijọ́, wàá fi tuntun jókòó. Nítorí náà, ká tiẹ̀ ní písítìn kan kọ̀ tí kò gbọ́ ti ọ́ìlì, ẹ́ńjìnì yẹn kò tíì kú. Tọ́ọ̀pù gan-an ni kí o gbé lọ sọ́dọ̀ oníléèdì (ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin) tó mọ iṣẹ́, ní Lọ́kọ́ja tàbí Ìlọrin, kó gbé irin tó tọ́ lé ojú rẹ̀ kó wò ó bóyá ó ti tẹ̀. Bó bá ti tẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀rọ ha ojú rẹ̀ kó tẹ́jú. Má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni fi páálí ìha-pákó ha á níbi iṣẹ́ rẹ; ọwọ́ èèyàn kò lè ha á kó tẹ́jú bí ti ẹ̀rọ.

Gbogbo èyí á já sí asán bí o kò bá wá ohun tó ń mú un gbóná. Gáàsíkẹ́ẹ̀tì tó jó kì í sábà jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn, òun ni àbájáde. Rédíétọ̀ lè ti dí. Omi kànga àti ti bọ́ọ̀hóòlù wa ní ilẹ̀ Okun ní èròjà tó máa ń lẹ̀ bí ẹ̀fun sínú rẹ̀, bí ìdí kẹ́tù ṣe ń rí. Ọ́ọ̀sì lè ti rọ̀ nínú. Fáànù 504 pẹ̀lú ní ohun kan tó ń fi iná mànàmáná dì í mú kó tó yí. Bí wáyà rẹ̀ bá já, fáànù á kàn máa ṣeré lójú ọ̀nà nígbà tí ẹ́ńjìnì ń jóná. Wá wo tẹmosítáàtì. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti yọ ọ́ jù nù kó tó kan Bàbá pàápàá, torí wọ́n máa ń sọ pé ilẹ̀ wa gbóná, a kò nílò rẹ̀. Irọ́ ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tètè dé ìwọ̀n gbígbóná tó yẹ, kó sì dúró síbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ́ńjìnì á máa ṣiṣẹ́ ní tútù, bẹntiróòlù tí kò jó tán á máa fọ ọ́ìlì kúrò lára sílíìfù, ríìngì á tètè jẹ. Dá a padà. Fi omi tó mọ́ pọ̀ mọ́ kúláàǹtì gidi sínú rédíétọ̀, má fi omi lásán, torí alumíníọ̀mù àti irin tó bá jọ ń wẹ nínú omi lásán, alumíníọ̀mù ni omi máa jẹ.

Wàyí o, ṣé tòkunbọ̀ burú ni? Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Bí o bá rí ẹ́ńjìnì 504 tí o gbọ́ bó ṣe ń dún, tí wọ́n sì jẹ́ kí o wọn agbára sílíńdà rẹ̀ kí o tó sanwó, ó lè yá ju kí o tún ti Bàbá ṣe. Ṣùgbọ́n ọdún 1968 ni 504 jáde ní Faransé, ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tò ó ní Kàdúná. Ọkọ̀ náà ti dàgbà. Èyí tí wọ́n bá pè ní tòkunbọ̀ fún ọ lónìí lè jẹ́ èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tó ti kú sí ọ̀nà Zaria, tí wọ́n fọ̀ tí wọ́n kùn. Wàá ra àìsàn ẹlòmíràn wálé, ìwọ kò sì ní mọ ìtàn rẹ̀ bí o ṣe mọ ti Bàbá. Àwọn kan á ní kí o fi ẹ́ńjìnì Toyota sí i. Mo ti rí èyí tó dára tó sì ń rìn. Mo ti rí púpọ̀ tí wọ́n gé tí wọ́n jó títí ọkọ̀ fi sọ orúkọ ara rẹ̀ nù, torí páìpù gígùn líle kan ló so jíà 504 mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, kì í ṣe ọ̀pá lásán tí èèyàn lè gé kúrú. Nọ́ḿbà ẹ́ńjìnì pẹ̀lú wà nínú ìwé ọkọ̀. Bí o bá pààrọ̀ rẹ̀, tún ìwé náà ṣe, kí wọ́n má baà dá ọ dúró lójú ọ̀nà. Ní tèmi, màá fún ẹ́ńjìnì Bàbá ní oṣù mẹ́ta kí n tó ronú sí òmíràn.

Ẹni tó fẹ́ kùn ún fún ọ ńkọ́? A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ọ̀dà ni ohun ìkẹyìn pátápátá. Bí o bá kùn ún lónìí, ọwọ́ tó kún fún gíríìsì ni wàá fi máa gbára lé e fún ọdún méjì, iná wẹ́dà á sì tún jó o lára. Àmọ́ ìpẹtà gan-an ni mo fẹ́ kí o bẹ̀rù ju ẹ́ńjìnì lọ. Ẹ́ńjìnì ṣeé rà. Ara ọkọ̀ tó ti jẹrà kò ṣeé rà. A dúpẹ́ pé a kò sí létí òkun. Ọkọ̀ tó bá gbé ọgbọ̀n ọdún ní Mọ̀pà sábà máa ń sàn ju èyí tó gbé mẹ́wàá ní Èkó. Igi máńgòrò yẹn ni ìṣòro. Ewé rẹ̀ máa ń já sí ẹsẹ̀ gíláàsì iwájú, ó máa ń wọ ihò tí omi òjò ń gbà kọjá, ó máa ń jẹrà níbẹ̀, omi á sì dúró. Láti ibẹ̀ ló ti máa ń yọ́ wọ ilẹ̀ ọkọ̀, lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, níbi tí ojú kò tó. Gbé kápẹ́ẹ̀tì kúrò. Mú òòfà, fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé e kí ó má ha ọ̀dà, kí o máa gbé e lé ara ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn: ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, orí táyà, etí búùtù. Níbi tí irin bá wà, yóò fà á. Níbi tí kò bá ti fà á, bọ́dì-fílà ni ẹnì kan ti fi bo ihò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, dùbúlẹ̀, mú sikirudiráfà kí o máa gún àpótí irin gígùn tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn lápá méjèèjì, àti ibi tí jáàkì ń gbé. Bó bá ró gbọ̀n-ìn, ó dára. Bó bá wọlé bí ẹni gún búrẹ́dì, ibẹ̀ ni wẹ́dà máa ṣiṣẹ́, irin tuntun la ó sì fi jó o, kì í ṣe fílà. Bí ikán bá ti kọ́ ilé gun táyà, ro ó kúrò kí o wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, torí amọ̀ ikán máa ń gba omi mọ́ra.

Bí irin àpótí yẹn àti ilẹ̀ ọkọ̀ bá ti jẹrà lápá méjèèjì, má bínú sí mi: ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ nígbà náà. Yóò gba owó tó lè ra ọkọ̀ kékeré mìíràn. Ṣùgbọ́n má tà á fún oníirin àlòkù. Ẹlòmíràn tó ń tún 504 tirẹ̀ ṣe nílò ilẹ̀kùn rẹ, gíláàsì rẹ, jíà rẹ. Tà á fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Kí ọkọ̀ tó lè rìn, kó lè dúró ni ká kọ́kọ́ wá. Rọ́bà inú bíréèkì tó bá ti jókòó láti 2012 ti le, ọ́ìlì bíréèkì sì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Bó bá gbóná, omi náà á hó, pẹ́dà á sì rì lọ bí ẹni tẹ tìmùtìmù. Ronú ọ̀nà Obajana sí Kàbbà, tírélà sìmẹ́ǹtì níwájú, tírélà lẹ́yìn, kí pẹ́dà rì. Pààrọ̀ gbogbo rọ́bà àti ọ́ọ̀sì bíréèkì láìwo ojú wọn, kí o sì fi ọ́ìlì tuntun, DOT 3 tàbí DOT 4, lé ti àtijọ́ jáde. Bí o bá ṣí bíréèkì, má fi afẹ́fẹ́ tàbí ẹnu fẹ́ eruku inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ bíréèkì ayé ìgbà yẹn ní asbestos, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Omi ọṣẹ ni kí o fi nù ún. Ní ti táyà, kò sí pé à ń jiyàn lé e lórí. Nọ́ḿbà mẹ́rin wà lára rẹ̀, méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn jẹ́ ọdún: 2311 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2011. Bó ti wù kí ojú rẹ̀ ṣì nípọn tó, jù ú nù. Bẹntiróòlù inú táńkì ti di ohun tó ń lẹ̀ bí oje igi, ó sì ń rùn bí ọ̀dà; tú táńkì sílẹ̀, fọ̀ ọ́, tú kabúrétọ̀ kí o fọ àwọn ihò kéékèèké inú rẹ̀. Bí táńkì bá ń jò, má ṣe jẹ́ kí wẹ́dà kankan gbé iná sún mọ́ ọn lẹ́yìnkùlé rẹ, bó ti wù kó sọ pé òun ti fọ̀ ọ́. Oru bẹntiróòlù tó kù nínú rẹ̀ lè bú gbàù.

Nípa ẹ̀yìnkùlé fúnra rẹ̀, mi ò ní pọ̀ lọ́rọ̀ lórí irinṣẹ́: sípánà mílímítà tó pé, tọ́ọ̀kì-sípánà (èyí tó ń wọn agbára tí a fi ń di nọ́ọ̀tì) tí wàá yá tàbí rà fún tọ́ọ̀pù, àwo pẹlẹbẹ fún nọ́ọ̀tì, ìwé àjákọ tí wàá máa kọ gbogbo ohun tí o bá tú sí. Fi fóònù ya ohun gbogbo kí o tó tú u. Gbé ọkọ̀ kúrò lábẹ́ máńgòrò lọ sábẹ́ páànù, lórí ilẹ̀ líle. Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ fún: má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró, má sì ṣe fi búlọ́ọ̀kù ilé gbé e. Mo ti rí búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò sábẹ́ ọkọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan. Kò kọ́kọ́ sán, kò dún, ó kàn di iyanrìn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ iṣẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ na ọwọ́ jáde láti gba sípánà ni, orí rẹ̀ ti jáde, àyà rẹ̀ kò tíì jáde tán. Ó yè, ṣùgbọ́n kò mí dáadáa fún ọjọ́ púpọ̀. Ẹsẹ̀ irin gidi mẹ́rin ni kí o rà, tàbí kí wẹ́dà tó dáńgájíá fi irin tó nípọn ṣe é fún ọ, kí o tó ra ohunkóhun mìíràn.

Ẹ̀yà rẹ̀ ṣì wà lọ́jà. Ládipọ̀ ní Múṣin, Géètì ní Ìbàdàn, àti Panteka ní Kàdúná ni mo máa ń wò sí. Gbé ti àtijọ́ lọ́wọ́ lọ, kí o fi wé tuntun kí o tó sanwó, pàápàá tọ́ọ̀pù-gáàsíkẹ́ẹ̀tì, torí ayédèrú rẹ̀ pọ̀, ihò omi rẹ̀ kì í sì í bá ara wọn mu. Mi ò ní sọ iye owó fún ọ. Ó lè ti yí padà kí o tó ka èyí tán. Ohun tí mo lè sọ ni pé kí o ra bíréèkì àti ẹsẹ̀ irin ṣáájú, ẹ́ńjìnì tẹ̀ lé e, wẹ́dà tẹ̀ lé e, ọ̀dà kẹ́yìn.

Ó ní ibi tí ìmọ̀ mi mọ. Bí o bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí o kò rí kabúrétọ̀, àmọ́ tí páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin ń lọ sí sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 504 oníńjẹ́kíṣọ̀n ni. Ti bẹntiróòlù ni tàbí ti dísẹ́ẹ̀lì, èmi kì í tú pọ́ńpù rẹ̀, mi ò sì ní kọ́ ọ ní ohun tí èmi fúnra mi ń gbé fún ẹlòmíràn. Inú jíà pẹ̀lú, màá ní kí o gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe jíà nìkan. Àpótí irin abẹ́ ilẹ̀kùn, wẹ́dà ni kó jó o. Ìwọ dúró tì í, kí o sì rí i pé wọn kò gé ibi tí nọ́ḿbà ṣásì wà.

Sátidé yìí, má ṣe ju méjì lọ: da ọ́ìlì sínú abọ́ funfun, kí o sì tú plọ́ọ̀gì wò. Kọ̀wé sí mi kí o sọ ohun tó kọ́kọ́ kán, omi tàbí ọ́ìlì, kí o sì sọ plọ́ọ̀gì wo ló pọ́n. Bó bá jẹ́ ọ́ìlì, a ó máa bá ọ̀rọ̀ dísẹ́ẹ̀lì àti sípánà lọ. Bó bá jẹ́ omi, má tíì rọ ohunkóhun sí i, dúró kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń yọ sọ́ǹpù, abọ́ ọ́ìlì abẹ́ ẹ́ńjìnì, láti wo bẹ́àrìn.